Igi Àyúnrẹ́ Ojú Fèrèsé

Aláàtì owó ilé-ìwé mi wọlé nígbà tí ẹ̀rọ ayùn ṣì ń ké nínú oko Màmá. Oṣù kejì ọdún 2023 ni. Ẹ̀yin náà kò ní tíì gbàgbé ìgbà yẹn: wọ́n ti pààrọ̀ owó náírà, owó tuntun kò sí ní báǹkì, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì fẹ́ gba ti àtijọ́ mọ́. Agégẹdú tó wá ra igi kò rí owó kà sí ìyá àgbà mi lọ́wọ́, ló bá ní ká mú nọ́ńbà àkáǹtì wá. Nínú gbogbo àwa tí a dúró lóko lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni áàpù báǹkì mi ń ṣiṣẹ́. Bí owó igi ṣe bọ́ sínú fóònù mi nìyẹn, kí igi náà fúnra rẹ̀ tó wó lulẹ̀.

Igi àyúnrẹ́ ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní àyìnrẹ́. Ó wà láàárín oko kòkó wa, lójú ọ̀nà tó ti Aramọkọ lọ sí Ìkọ̀gòsì, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Nígbà tí bàbá àgbà mi ṣán igbó náà láti gbin kòkó, igi mẹ́rin péré ló dá sí, àyúnrẹ́ yìí sì wà lára wọn. Àwọn àgbẹ̀ ayé ìjọ́un mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ewé àyúnrẹ́ wẹ́wẹ́, oòrùn a máa yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Kòkó kò fẹ́ kí oòrùn máa na òun ní tààrà, kò sì fẹ́ òkùnkùn biribiri. Ìbòòji àyúnrẹ́ bá a lára mu.

Owó ilé-ìwé ló fà á tí a fi tà á. A ti ta kòkó ọdún náà tán, gbèsè sì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé mo lè dúró fún ọdún kan, kí n wá iṣẹ́ ṣe ní Adó, kí n sì padà sílé-ìwé lẹ́yìn náà. Kò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kejì ló ránṣẹ́ pe agégẹdú. Ó ní bí ọkọ òun bá wà láyé, ohun tí òun náà ì bá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gé igi náà, kò bá wa lọ sóko. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, èso orí igi ti gbẹ. Èso àyúnrẹ́ dà bí èèpo ẹ̀wà tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó sì máa ń dún ṣàrà-ṣàrà bí atẹ́gùn bá fẹ́. Nígbà tí igi wó, gbogbo rẹ̀ fọ́n káàkiri orí kòkó àti ilẹ̀. Mo ṣa ẹ̀kún ọwọ́ méjì sínú ọ̀rá búrẹ́dì. Bí ẹ bá bi mí lọ́jọ́ náà pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mi ò mọ̀. Mo kàn rò ó pé kò dáa kí n gba owó rẹ̀, kí n sì máa lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹbí àyúnrẹ́, torí ẹ ti mọ púpọ̀ nínú wọn. Albizia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, mọ̀lẹ́bí mimosa sì ni. Patanmọ́ tó ń nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí gbogbo wa máa ń fọwọ́ kàn lọ́mọdé kó lè pa ewé rẹ̀ dé, òun ni mimosa gan-an. Igi igbá tí wọ́n ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú, ọmọ ẹbí ni. Àrìdan onígun mẹ́rin tí àwọn ìyá eléwé ọmọ ń tà lọ́jà, ọmọ ẹbí ni. Igi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbìn sí iwájú ilé tí wọ́n sì ń pè ní mimosa, àbúrò àyúnrẹ́ ni: Albizia julibrissin, láti Éṣíà. Orúkọ Albizia yìí wá láti ọ̀dọ̀ Filippo degli Albizzi, ọlọ́lá kan ní ìlú Florence ní Ítálì, tó mú igi náà wọ Yúróòpù láàárín ọ̀rùndún kejìdínlógún. Àwọn kan ní òkè òkun ń gbin irú igi yìí sínú ìkòkò nínú ilé. Èmi náà ní yàrá, mo ní fèrèsé, mo sì ní ọ̀rá búrẹ́dì tó kún fún èso. Mo bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fọ́ àwọn èso náà, mo sì yọ kóró tí kòkòrò ti lu kúrò. Wọ́n pọ̀, ihò ara wọn dà bí ojú abẹ́rẹ́. Kóró 57 ló kù tó dára. Wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n le, wọ́n ń dán.

Mo gbin 12 lọ́nà tí mo fi ń rí Màmá gbin ẹ̀wà: mo kàn rì wọ́n mọ́lẹ̀, mo bu omi sí i. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí mo ti dá ihò sí ìdí rẹ̀ ni mo fi ṣe ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, nǹkan kan kò yọ. Nígbà tí mo tú ilẹ̀ wò, mo bá wọn bí mo ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Omi kò wọ inú wọn rárá. Ó dà bíi pé òkúta ni mo gbìn.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n fi omi gbígbóná sí i, torí òun ti gbọ́ ọ rí. Mi ò béèrè pé báwo ni omi náà ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó. Mo kó 12 mìíràn sínú ìkòkò, mo gbé e kaná, mo sì lọ fọ aṣọ. Nígbà tí mo fi máa padà dé, omi ti ń hó yaya. Mo gbìn wọ́n náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, “Àníkẹ́, o ti se irú.” Òótọ́ ló sọ. Bí àwọn aṣeirú ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á se kóró igbá títí ó fi máa rọ̀, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi rùn. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ìyà kan náà ni mo fi jẹ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó kàwé nípa ohun tí mo ń ṣe. Èèpo kóró àwọn igi yìí ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán èèpo náà nìyẹn: kí kóró má baà hù nítorí òjò kékeré kan tó rọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọyẹ́ sì wá pa á. Ó ń dúró kí nǹkan há a lára, kí iná igbó rà á, kí èèpo náà lanu. Dídúró yìí lè pẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Lọ́dún 1793, wọ́n kó kóró Albizia julibrissin ní Ṣáínà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú àkójọ ewéko British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù dá iná sí ilé náà. Omi tí wọ́n fi pa iná ba àwọn kóró náà, ni wọ́n bá hù, lẹ́yìn ọdún 147. Ẹni tó kó wọn ti kú, ọba tó rán an níṣẹ́ ti kú, kóró kò tíì kú.

Ìtàn yìí ló jẹ́ kí n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Mo pín 12 sí ọ̀nà méjì. Mẹ́fà àkọ́kọ́, mo fi ohun tí a fi ń gé èékánná gé etí wọn díẹ̀, ní ìdojúkọ ibi tí wọ́n ti so mọ́ èso. Díẹ̀ ni mo wí o. Bí funfun inú rẹ̀ bá ti yọjú, ẹ dáwọ́ dúró. Mo wá rẹ wọ́n sínú omi tútù. Mẹ́fà kejì, mo da omi gbígbóná tí mo ti sọ̀ kúrò lórí iná lé wọn lórí, mo sì jẹ́ kó tutù mọ́ wọn lára di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ti lọ sí Ìkọ̀gòsì, tó ti ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, yóò mọ bí omi ọ̀hún ṣe rí lọ́wọ́ kí n tó lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo gé létí ti wú. Nínú àwọn olómi gbígbóná, mẹ́ta ló wú. Mo gbin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mi ò rì wọ́n jìn ju èékánná kan lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, mẹ́jọ ti yọ orí. Mo pe Màmá kí n tó fọ ẹnu.

Kò gbà mí gbọ́. Ó ní, “Nínú ulé?” Bí àwa Èkìtì ṣe ń pe ilé nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lójú fèrèsé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n má fi ọwọ́ kàn wọ́n jù.

Ó yẹ kí n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń bu omi sí wọn, torí ayọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta ti ṣubú. Ìdí igi wọn rà lójú ilẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú, wọ́n sì dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù lórí. Omi àpọ̀jù ló pa wọ́n, àti atẹ́gùn yàrá wa tí kò lọ kò bọ̀. Ọ̀kan mìíràn ṣubú láti ojú fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ tí ìjì jà. Mẹ́rin ló kù. Mo wá kọ́ láti máa ki ìka bọ ilẹ̀ kí n tó bu omi: bí ìka bá tutù, kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni wàhálà kejì. Ìlà-oòrùn ni fèrèsé wa dojú kọ, nítorí náà oòrùn máa ń wọlé láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, ó tán. Àwọn igi náà ga fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo wọn sì tẹ orí síta bí àwọn tó ń retí àlejò. Ojoojúmọ́ ni mo ń yí ọ̀rá wọn padà. Ọ̀rẹ́ mi ní bí àwa náà bá pẹ́ sí i nínú yàrá yìí, bí a ṣe máa rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ni ìgbà tí gbogbo ará yàrá máa ń wá wò wọ́n. Bí ó bá ti ń di nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀, ewé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé ní méjì-méjì, bí ẹni tó ń pa ìwé dé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣí. A kọ́kọ́ rò pé òkùnkùn ló ń mú wọn ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí NEPA ṣe wá lóore, gílóòbù ń tàn geere lórí wọn, wọ́n sì pa ewé dé lásìkò wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1729, ará Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sí ibi tí oòrùn kò lè dé. Ewé rẹ̀ ṣì ń ṣí láàárọ̀, ó sì ń pa dé lálẹ́. Ewéko náà ní aago tirẹ̀ nínú ara. Àwa èèyàn náà ní in, eṣinṣin náà ní in. Lọ́dún 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fi eṣinṣin ṣe lórí aago yìí. Ní yàrá wa, tí àwọn igi bá ti sùn, ẹnì kan á sọ pé, “Àyúnrẹ́ ti sùn o, ẹ gbé fóònù sílẹ̀.” Kò sẹ́ni tó ń gbé e sílẹ̀.

Oṣù kẹfà dé, òjò ti fìdí múlẹ̀. Mo rí i pé gbòǹgbò wọn ti ń yọ ní ihò ìdí ọ̀rá. Àyúnrẹ́ kì í ṣe igi inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mú un wálẹ̀ nínú ìkòkò títí ayé yóò máa bá a jà. Mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ike ọ̀dà, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sílé. Láti Iléṣà ni mo ti gbé ike náà lé itan. Nígbà tí a ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, atẹ́gùn òkè náà wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì ń lù wọ́n síwá sẹ́yìn. Mo fi ìborùn mi bò wọ́n. Dírẹ́bà wò mí nínú dígí, ó béèrè pé, “Àǹtí, ṣé ẹ̀fọ́ nìyẹn?” Mo ní igi ni. Ó ní, “Igi? Ní Èkìtì tí igbó kún?” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ìdí wọn, ó sì fọwọ́ tọ́ ewé. Mo ti mú ọkọ́, mo fẹ́ lọ gbìn wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó dá mi dúró. Ó ní, “Èyí tó dàgbà nínú ulé kò tíì mọ oòrùn. Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.” Abẹ́ kòkó ni ó ní ká gbé wọn sí fún ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ti ń yọjú díẹ̀, ká tó wá gbìn wọ́n. Mo ti ka ohun kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò sọ fún un.

Nígbà tí a ya ọ̀rá láti gbìn wọ́n, mo rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò wọn, mo sì pariwo pé àìsàn ti mú wọn. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n jẹ́. Inú àwọn kókó yìí ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún igi. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà ní irú rẹ̀. Ìgbà tí mo rí èyí ni mo tó mọ ohun tí a tà gan-an. Yàtọ̀ sí ìbòòji, igi ńlá yẹn ti ń fi ewé rẹ̀ tó ń já bọ́ sílẹ̀ bọ́ àwọn kòkó wa láti ìgbà ayé bàbá àgbà mi, láìgba kọ́bọ̀.

Ojú ihò tí gẹdú náà fi sílẹ̀ ni a gbìn wọ́n sí, mẹ́ta sí àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Màmá ti gbìn láti fi ṣe ìbòòji fúngbà díẹ̀. Ìkẹrin, gbòǹgbò rẹ̀ já nígbà tí mo ń fa ọ̀rá ya, kò yè. Òkété gé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta jẹ kí oṣù kan tó pé. Méjì ló kù.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e kò ṣàánú wa. Oòrùn na àwọn kòkó tó wà lábẹ́ àyárá náà tẹ́lẹ̀, ewé wọn jó létí, méje sì kú. Oṣù kẹta ọdún 2024 nìyẹn, oṣù tí owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá $10,000 fún tọ́ọ̀nù kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Gbogbo àgbẹ̀ Èkìtì tó ní kòkó ń ka owó, Màmá ń ka igi tó gbẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni mo fà á. Ó ní kí n dákẹ́, pé igi ọ̀hún kò bínú. Ó tún ronú díẹ̀, ó ní, “Àwọn kòkó ló ń bínú.”

Mo ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn báyìí. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, àyúnrẹ́ méjèèjì ti ga jù mí lọ, ìdí wọn sì ti nípọn bí ọwọ́ odó. Ìbòòji wọn kò tíì tó bo kòkó kan. Èmi àti Màmá jókòó sórí pákó kan tí agégẹdú fi sílẹ̀, a ń wò wọ́n. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ewé wọn ti ń pa dé. Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ìdí èyí tó ga jù, ó ní, “Àníkẹ́, èyí ni ọmọ rẹ yóò fi san owó ilé-ìwé.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì tí ǹ bá fún un. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kò sẹ́ni tó máa ta èyí. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà mi náà kò dá tirẹ̀ sí nítorí kí á lè tà á, bí ọjọ́ sì ti dé, Màmá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kóró 21 ló kù nínú ọ̀rá búrẹ́dì náà, ó wà nínú àpótí mi. Ẹni tó bá ní fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, tó sì mọ ibi tó máa gbìn ín sí nígbà tó bá jáde kúrò nílé, kó wá gba méjì lọ́wọ́ mi. Kó gé etí rẹ̀ díẹ̀, kó rẹ ẹ́ mọ́jú. Kó má sè é o.